Àpò Awọ Pupa

Nínú yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálááṣí agbo ilé wọn ní Ìlọrin ni àwọn ìwé náà wà, nínú àpótí igi tí Àfáà Sàlíhù ń tọ́jú. Olórí gbogbo wọn ni Àlùkùránì tí bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Kò rán an pọ̀. Ewé lórí ewé ni ó wà nínú àpò awọ pupa, ìpín kọ̀ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ lórí ewé tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá kú nínú ilé, wọn a pín àwọn ewé náà fún àwọn àfáà tí ó jókòó, olúkúlùkù a ka ìpín tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn a sì parí gbogbo rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ìyàwó Àfáà Sàlíhù. Bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń fẹ́ kí wọ́n ṣe fún òun, nítorí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá," ni Mùnírátù ọmọ rẹ̀, tí ilé ń pè ní Ìyá Naimat, wí fún un. "Mo ṣèlérí. Wọn óò parí rẹ̀ fún yín kí oòrùn tó wọ̀."

Ọkọ̀ ojú irin kò tíì pẹ́ ní ìlú nígbà náà. Òun ni ó gbé òyìnbó kan wá, ẹni tí ń ra ohun àtijọ́ kiri fún ilé ńlá kan ní ìlú òyìnbó, níbi tí àwọn ènìyàn ń lọ wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Abdulraheem, tí ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ní kéwú, wá jókòó ti ibùsùn Àfáà Sàlíhù.

"Bàbá, àwọn ọmọ ń pọ̀ sí i, a kò sì ní ìwé ìtumọ̀ Àlùkùránì kankan. Garba oníṣòwò ti kó ìwé dé láti Kánò, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Bí a bá ta ọ̀kan nínú àpótí, a óò lè ra ìwé ìtumọ̀ lódindi, àti Àlùkùránì tuntun pẹ̀lú."

"Èwo nínú àpótí?"

Abdulraheem wo ilẹ̀. "Ti inú àpò pupa ni òyìnbó náà ń fẹ́."

"Ẹni tí kò mọ álífù nínú kéwú. Kí ni yóò fi ṣe?"

"Wọ́n ní inú gíláàsì ni yóò tẹ́ ẹ sí."

"Ṣé yóò máa kí i láàárọ̀ ni?" Àfáà Sàlíhù rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbà á. Nígbà tí ó sinmi, ó gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kéwú lóde. "Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà nínú èyí tuntun?"

"Ọ̀kan náà ni, Bàbá. Kò dín, kò lé."

"Ẹ tà á, nítorí àwọn ọmọ."

Mùnírátù fúnra rẹ̀ ni ó gbé àpò náà jáde. Nígbà tí Àlùkùránì tuntun dé, ẹ̀yìn rẹ̀ le, ó ń dán, wọ́n rán an pọ̀ dáadáa. Àfáà Sàlíhù gbé e lé àyà, ó tọrọ àlùbáríkà sí i. Kò sí ẹni tí ó rántí nǹkan mìíràn.

Ó kú ní àárọ̀ ọjọ́ Alàmísì. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, àwọn àfáà jókòó lórí ẹní ní àgbàlá, wọ́n na ọwọ́ láti gba ewé bí wọ́n ti máa ń ṣe. Abdulraheem gbé ìwé tuntun náà wá, ó sì dúró láàárín wọn.

"Ta ni kí n gbé e fún?" ni ó wí.

Àfáà Gàní, tí ó dàgbà jù níbẹ̀, wo ìwé náà. "Ṣé kí gbogbo wa máa yọjú wò ó láti èjìká ẹnì kan ni?"

Ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ ọ́n sórí, ṣùgbọ́n àṣà ilé náà ni pé kí ojú wà lórí ewé, kí a má bàa fo ọ̀rọ̀ kan lórí òkú. Abdulraheem sáré lọ yá ti agbo ilé kejì. Ọwọ́ òfìfo ni ó gbé padà.

"Àwọn náà ti ta tiwọn. Òyìnbó kan náà ni."

Mùnírátù wo òjìji ògiri tí ó ti ń gùn lórí ilẹ̀. "Àfáà, mo ṣèlérí fún Bàbá."

"Mo mọ̀, Ìyá Naimat," ni Abdulraheem wí. "Ẹ bá mi wá abẹ. Èmi ni mo ní kí a rà á, èmi náà ni n ó tú u."

Ó jókòó, ó ń gé òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó tẹ ìwé náà kò bìkítà fún ibi tí ìpín parí sí. Àárín ewé ni ìpín kan ti ń parí, tí òmíràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà àwọn àgbà méjì-méjì forí kan orí lórí ewé kan ṣoṣo, ẹnì kan ń kà, ẹnì kejì ń dúró dè é.

Oòrùn wọ̀ bá wọn níbẹ̀. Wọ́n pe ìrun, wọ́n dìde, ewé tí a kò tíì kà sì wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Àfáà Gàní ní àwọn yóò padà wá parí rẹ̀. Mùnírátù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ pé oòrùn ti wọ̀.

Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, kò sí àpò tí a lè kó àwọn ewé náà sí. Mùnírátù tú ìborùn rẹ̀, ó fi dì wọ́n, ó sì gbé wọn sínú àpótí, síbi tí àpò pupa máa ń wà. Ìwé ìtumọ̀ tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń dán. Síbẹ̀ àyè àpò náà kò kún.