Àga Màmá Mi Nílé Oúnjẹ Bàbá Mẹ́sàn-án

Ọdún mẹ́rìnlá ni màmá mi fi wo ilé oúnjẹ yẹn láti ojú fèrèsé àjà keje ibi iṣẹ́ rẹ̀, nígbàkigbà tó bá ń nu gíláàsì. Ilé oúnjẹ àwọn ará Japaanu ni. Ó há sáàárín báńkì kan àti ṣọ́ọ̀bù àwọn atẹ̀wé, àga ibẹ̀ kò ju mẹ́sàn-án lọ, gbogbo wọn sì tò síwájú pẹpẹ tí alásè ti ń dáná. Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ àdúgbò fi ń pe alásè náà ní Bàbá Mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ Ẹtì kan tí mo wá bá a lẹ́nu iṣẹ́, màmá mi ní òun ò wò ó láti òkè mọ́.

"Èmi náà á jókòó níbẹ̀ lónìí. Ìwọ tẹ̀lé mi."

Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Pátákó kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà, bébà wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá dé á kọ orúkọ rẹ̀, á sì dúró. Bí àga kan bá ṣófo, Bàbá Mẹ́sàn-án á pe orúkọ tó kàn. Kò mọ olówó, kò mọ mẹ̀kúnnù.

Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la débẹ̀. Aago kan ni màmá mi gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwa la ṣe ìkẹfà àti ìkeje lórí bébà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò: bí ènìyàn kan bá ń fi ìṣẹ́jú méjìdínlógún jẹun, tí àga sì jẹ́ mẹ́sàn-án, àga kan á máa ṣófo ní ìṣẹ́jú méjì-méjì.

"Màmá, ó ku ìṣẹ́jú méjìlá kí wọ́n pè yín."

"Oníṣirò," ó ní, "ṣé ìṣirò ló máa gbé oúnjẹ wá?"

Wọ́n pè é lóòótọ́. Ó jókòó sí àga ẹ̀gbẹ́ ògiri pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, èmi dúró sẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Mẹ́sàn-án gbé ìrẹsì tí wọ́n tẹ́ ẹja yíyan lé síwájú rẹ̀, pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì. Màmá mi mú igi náà, ó wò ó títí.

"Igi ni wọ́n fún mi yìí? Àbí wọ́n rò pé mo wá dáná ni?"

Ọkùnrin tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín débi pé omi tó ń mu fẹ́rẹ̀ẹ́ pá a lórí. Bàbá Mẹ́sàn-án fún màmá mi ní ṣíbí.

Kò tíì bu ẹ̀ẹ̀mẹta tí ọ̀gá àgbà àjà keje fi wọlé, fóònù létí. Akọ̀wé rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wá kọ orúkọ lójoojúmọ́, akọ̀wé náà sì wà lẹ́nu ìsinmi. Mo rò pé ọkùnrin yìí kò mọ̀ rí pé bébà kankan wà. Lójú tirẹ̀, òun á kàn dé ni, àga á sì ṣófo. Ó kọjá lára pátákó, ó kọjá lára gbogbo wa, ó dúró sẹ́yìn màmá mi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé abọ́ yín síta. Ìpàdé ń dúró dè mí."

Màmá mi ń jẹun lọ.

"Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àbí kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa lẹ ti ń ṣiṣẹ́?"

"Ọ̀dọ̀ yín ni, ọ̀gá. Èmi ni mò ń nu tábìlì yín. Ẹ kú ọ̀sán o." Kò yíjú. "Orúkọ yín dà lára bébà?"

"Bébà wo?"

Bàbá Mẹ́sàn-án fi ọ̀bẹ tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ń gé ẹja rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ mọ̀ pé lóṣù tó ń bọ̀ la máa yan àwọn tó máa ṣẹ́kù nínú ẹ̀yin tó ń tọ́jú ilé. Ẹ rò ó dáadáa."

Mo sọ̀rọ̀ sí màmá mi létí. "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. A ó tún wá lọ́jọ́ mìíràn."

"Ọjọ́ mìíràn náà ni mo ti ń sọ láti ọdún mẹ́rìnlá." Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó yíjú sí ọ̀gá rẹ̀ wàyí. "Ọ̀gá, lókè lọ́hùn-ún, bí ẹ bá ní kí n jáde nítorí ẹ fẹ́ ṣèpàdé, mo máa ń jáde, èmi àti garawa mi. Àga yìí, ẹ̀yin kọ́ lẹ fún mi. Mo kọ orúkọ, mo dúró, wọ́n pè mí. Mi ò dìde."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ọkùnrin tó jókòó tì í jẹun tán, ó dìde. Bàbá Mẹ́sàn-án pe orúkọ mi. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ọmọ dáadáa, fún mi ní tìẹ. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ màmá yìí."

Ìṣirò ọ̀hún ò le: àga kan, iṣẹ́ màmá mi kan. Mo ti lanu tán kí n sọ pé kó jókòó.

"Bí o bá fún un," ni màmá mi wí, ó ti padà sídìí ẹja rẹ̀, "má bá mi relé."

Mo jókòó. Mo fa àga mi sún mọ́ pẹpẹ.

Kò sẹ́ni tó wo ọ̀gá. Ó yí padà, ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn gbà-á.

"Màmá, tí wọ́n bá lé yín ńkọ́?"

"Ẹni tó yó ni wọ́n máa lé." Ó wo aago ara ògiri, ó yọ eegun ẹja lẹ́nu. "Ìṣẹ́jú mélòó ló kù?"

"Ogún."

"Ó pọ̀." Ó na abọ́ rẹ̀ sí alásè. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹja kún un."