Àsíá Tí Wọ́n Fi Ìborùn Ìyá Rán

Sàfíyà ọ̀rẹ́ mi, àlá àná ṣì ń dùn mí. Mo dúró létí odò tí ìjọba fi pín abúlé wa sí méjì. Kárímù, àbúrò mi tó ṣaláìsí, wà ní òdìkejì, ó ń fa àsíá sókè. Ewé igi ṣínárì tí a fi ń mọ àwa ará agbègbè wa wà lára àsíá náà. Àṣé ìborùn Ìyá ni, èyí tó búra fún mi pé òun fi sin ín!

"Kárímù! O ò tiẹ̀ tijú?"

Ó fi ìwé wé òkúta, ó jù ú sí mi, bí àwa méjèèjì ti máa ń ṣe nígbà ayé rẹ̀. Mo tú u, mo kà á: "Ìyá àgbà, ọmọ ìlú wo ni yín? Ẹ fi káàdì ìdánimọ̀ hàn."

Èmi tí mo pọ̀n ọ́n dàgbà!

Àràárọ̀ ni mo máa ń ṣàdúà fún un. Tòní, mi ò tíì ṣe é.