Ajubọ́ọ̀lù Méjì àti Adìyẹ Ìyá Boyle

Ọgbọ̀n ọdún ni Delmar Hruska fi ń ṣa ajubọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ bésìbọ́ọ̀lù ńlá kan. Ìlú kéékèèké Nebraska ló ń kiri, tó ń wo àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ eré sí ẹni ẹgbẹ́ kejì tó fẹ́ fi igi gbá a, tó sì ń sọ ẹni tó yẹ kí wọ́n mú. Lọ́dún tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Verna, ló ń wa ọkọ̀ fún un.

Wọ́n dé ìlú kan tí ajubọ́ọ̀lù méjì wà nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Tanner Boyle ti bẹ̀rẹ̀ eré mẹ́tàlá, ó borí mọ́kànlá. Curtis Pruitt náà bẹ̀rẹ̀ mẹ́tàlá. Mẹ́ta péré ló borí.

"Ọ̀rọ̀ ti parí," ni Delmar wí, itan adìyẹ díndín wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Boyle ni."

"Ta ló fún ẹ ládìyẹ yẹn?"

"Ìyá Boyle ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́kọ́jọ́ tọ́mọ rẹ̀ bá fẹ́ jù ló ń dín in wá fún gbogbo ẹgbẹ́."

"Ehn-ẹn. Lọ́jọ́ tí Pruitt bá ń jù ńkọ́, kí ni wọ́n ń jẹ?"

Lọ́jọ́ kejì, Pruitt ló kàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń yán lórí pápá. Ọ̀kan jẹ́ kí bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá; àwọn méjì forí gbárí níbi tí wọ́n ti fẹ́ hán òmíràn. Wọn ò jẹ ayò kankan. Wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé Pruitt pàdánù, torí ajubọ́ọ̀lù ni wọ́n máa ń ka ìjákulẹ̀ ẹgbẹ́ sí lọ́rùn.

Verna pe Héctor, ẹni tó ń lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó mú igi, tó ń hán bọ́ọ̀lù àwọn méjèèjì. "Ọmọ mi, sòótọ́. Ta ló dáa jù?"

"Màmá, tí Boyle bá ń jù, bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ni mo ṣe ń jókòó. Igi ọ̀tá ti gbá a lọ kó tó dọ́dọ̀ mi. Àwọn ọmọ wa ló ń sáré lé e bí ewúrẹ́." Ó na àtẹ́lẹwọ́ tó wú. "Pruitt ló ṣe èyí."

"Irọ́!" ni Delmar wí.

"Mú igi, kó o lọ dúró níwájú wọn," ni Verna wí.

"Orúnkún mi ńkọ́?"

"Ṣé orúnkún lo fi ń wo bọ́ọ̀lù ni?"

Wọ́n dé akoto sí i lórí. Boyle jù ú, bàbá ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin sì gbá a, gbau! Ó fò kọjá ọgbà. Inú Delmar dùn, àfìgbà tó rántí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ó kan Pruitt. Delmar di igi mú, ó ń retí. Ó retí títí.

"Kó máa jù ú bọ̀ o!"

"Ó ti ju mẹ́ta, Bàbá," ni Héctor wí lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sọ́wọ́.

Verna rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ojú ti Delmar. Ó ya ìwé tó ti kọ sí ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n mú Boyle, ó kọ òmíràn pé Pruitt ni. Ọ̀gá rẹ̀ pè é: "Ẹni tó pàdánù mọ́kànlá! Ṣé oòrùn ti pa ẹ́ lórí ni?"

"Ọ̀gá, ẹ wá, kẹ́ ẹ mú igi tiyín dání."

Wọ́n mú Pruitt. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ńlá, ó pàdánù, ayò kan sódo. Delmar pè é láti tù ú nínú.

"Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá," ni Pruitt wí. "Àwọn tibí máa ń sáré lé bọ́ọ̀lù o! Ọ̀kan tiẹ̀ wá bẹ̀ mí pé òun ò hán an."