Oko Tí Kò Lámì

4.

…ni nọ́ọ̀sì bá ní, "Ẹ̀yin ọkọ wọn, ẹ dákun, ẹ bá wa yẹ táyà ọkọ̀ ìwòsàn wò níta. Ó jọ pé ó ti rọ̀."

Iṣẹ́ mi nìyẹn. Èmi ni onítáyà tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí géètì ilé ìwòsàn wọn. Mo ti fẹ́ atẹ́gùn sí táyà rí tí ọkọ̀ gbéra nílẹ̀, tí àwọn ẹyẹ ń yà fún un lọ́nà.

Táyà mẹ́rin. Ìkankan ò rọ̀.

Nígbà tí màá fi padà, wọ́n ti fa kọ́tìnì. Ìyàwó mi wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ló ń dùn mọ́ wọn níbẹ̀?


6.

(Ìkarùn-ún sọnù. Ẹ má wá a.)

ÌKÉDE, LÁRA ÒGIRI WỌN:
Ẹnì kan ṣoṣo là ń rí lẹ́ẹ̀kan.
Ọkọ, ẹ dúró níta.
Ìyá, ẹ dúró níta.
Àna, ẹ dúró níta.

Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n bú mi.


7.

Ohun tí mo gbọ́ lójú fèrèsé. (Etí mi gùn ju ti ehoro lọ.)

NỌ́Ọ̀SÌ: Gbogbo obìnrin tó bá wọlé síbí la máa ń bi o. Ṣé ẹnì kan wà nílé tí ẹ̀ ń bẹ̀rù?
ÌYÀWÓ MI: (àga rẹ̀ ń dún)
NỌ́Ọ̀SÌ: Kò sí ìkánjú, àǹtí mi.
ÌYÀWÓ MI: Ilẹ̀kùn ló gbá mi.
NỌ́Ọ̀SÌ: Ìgbà mélòó ló ti gbá yín lọ́dún yìí?
ÌYÀWÓ MI: Ó máa ń jowú ni.
NỌ́Ọ̀SÌ: Mo gbà yín gbọ́. Ẹ̀bi yín kọ́. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?

Ta ló ní kó gba ìyàwó mi gbọ́? Ìyàwó ta ni?


8.

ÌDÍ TÍ MO FI Ń JOWÚ

Ó rẹ́rìn-ín sí alápatà. Alápatà ò léyín kan lẹ́nu, ṣùgbọ́n ṣé eyín ni wọ́n fi ń gba ìyàwó oníyàwó?
Ó dákẹ́ jù.
Ó sọ̀rọ̀.
Afẹ́fẹ́ fẹ́ ìró rẹ̀ lánàá. Èmi tí mo ń bá afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, mo mọ irú ọkùnrin tó jẹ́.


9.

Káàdì rẹ̀. Mo yọjú wò ó nígbà tí akọ̀wé yíjú.

Wọ́n ya ènìyàn kan sí i. Kò lójú, kò nímú. Nọ́ọ̀sì fi bírò pupa sàmì sí i lára:

                    ọrùn
èjìká òsì
          egungun ìhà
                              ẹ̀yìn ọwọ́, méjèèjì

Lábẹ́ rẹ̀: *Ó ní òun gbé ọwọ́ bojú.*


10.

Eré ni mò ń ṣe. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ mí sí aláwàdà.


11.

Nínú fóònù rẹ̀. Orúkọ tó fi pa nọ́ńbà náà mọ́ ni ÌYÁ ONÍRUN:

OKO YOO DURO DE YIN LENU ONA EYIN ILE IWOSAN. AAGO MEWAA AARO OLA. E MA GBERU PUPO.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní àmì ohùn, orí igi ni mo wà. Ṣùgbọ́n ṣé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́ mi ní ọkọ? Ọkọ! Ọkọ mìíràn ń dúró de ìyàwó mi! Ìyá Onírun tó ń dirun fún un sì ni alárinà!

Mo dá fóònù padà síbi tí mo ti mú un. Mo rẹ́rìn-ín títí páànù òrùlé fi ṣí.

Ẹ jẹ́ kó wá. Ẹ jẹ́ kí n rí ọkọ.


12.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Irin tí mo fi ń tú táyà wà lọ́wọ́ mi. Màá ká ọkọ yẹn bíi wáyà.

Mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Kò sí ọkọ.
Mẹ́wàá ku márùn-ún. Àkùkọ kan kọjá. Mo wò ó láwòfín.
Mẹ́wàá.


13.

AWAKỌ̀ ÌWÒSÀN: Ògá onítáyà! Àṣé wọ́n ti ránṣẹ́ sí yín? Ẹ bá mi yẹ ti ẹ̀yìn yìí wò, ibi tí à ń lọ jìnnà.
ÈMI: Ọkọ dà?
AWAKỌ̀: Ọkọ̀ rèé! Àbí ojú ń dùn yín ni?

Ohùn náà wálẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ọkọ̀.

Èmi kan náà ni mo yẹ táyà rẹ̀ wò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.


14.

Ìyàwó mi ti wọnú ọkọ̀ láti apá kejì. Ó rí mi láti inú gíláàsì. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì bojú.

Nọ́ọ̀sì sọ̀kalẹ̀. Kò ga ju táyà tírélà lọ. Ó dúró sáàárín èmi àti ilẹ̀kùn. Kò bú mi. Kò sì yẹra.


15.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sídìí táyà. Irin wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìka òsì wà lórí ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé.

Ibẹ̀ náà ló ń gbà jáde.

AWAKỌ̀: Ògá, ṣé ká máa lọ?


16.

oko

(Ẹ bá mi fi àmì sí i.)