Bàtà Kérésì Ìmísí

Ẹ sún mọ́bí kí n sọ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún yín. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé irú èyí tí ẹ̀yin máa ń lá ni o, tí ajá á kàn máa lé yín kiri. Tí èmi Gbóyèga bá sùn, gbogbo àdúgbò ló máa ń dákẹ́ kí wọ́n má baà da àlá mi rú.

Ẹ ṣáà mọ Ìmísí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Wúràọlá. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ ju ti lọ́yà lọ. Mo ti ṣèlérí fún òun àti Moyọ̀ àbúrò ẹ̀ pé èmi ni màá mú wọn lọ wo Bàbá Kérésì. Mo tiẹ̀ fi kún un pé ọ̀rẹ́ mi ni, pé a jọ máa ń jẹ dòdò nínú abọ́ kan náà. Ìmísí wò mí látòkè délẹ̀.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Gbóyè, tí a ò bá wá rí i ńkọ́?"

Mo ní, "Tí ẹ ò bá rí i, ẹ má pè mí ní bọ̀ọ̀dá mọ́."

Ẹnu mi ni, mi ò rí nǹkan fi dè é.

Ìyá wọn ti ra bàtà Kérésì fún Ìmísí. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ra bàtà ọdún: wọn kì í wo ẹsẹ̀ tọmọ gbé wá, ẹsẹ̀ tó ṣì máa hù ni wọ́n ń wò. Bàtà pupa, ó ń dán gbinrin, ó sì tóbi débi pé adìyẹ lè sàba nínú ẹ̀. Àǹtí mi bá ki òwú funfun bọ ẹnu ẹ̀ níwájú kó lè dúró lẹ́sẹ̀. Ìmísí ní òun ò ní bọ́ ọ mọ́. Ó wọ̀ ọ́ sùn lálẹ́ àná, Kérésì ku ọ̀la.

Bí oorun ṣe gbé èmi náà lọ nìyẹn.

Nínú àlá yìí, ọjọ́ Kérésì ti pé, a ti múra tán. Kóòtù tí mo wọ̀ ń tàn débi pé oòrùn ń fọwọ́ bojú. Moyọ̀ gbé awò dúdú oníke sójú, kò ríran rárá, inú ẹ̀ sì ń dùn. À ń wá mọ́tò, a ò rí. Ni bàtà òsì Ìmísí bá húkọ́.

Ó ní, "Kí lẹ ń wá mọ́tò sí? Ṣé mi ò tó yín wọ̀ ni?"

Ó bá fẹ̀, ó fẹ̀, ó tó ilé alájà kan. Mo bi í pé ibo la máa dì mú, ó ní ká di okùn òun mú. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé, ó gbéra nílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ iwájú mi o, òwú wà lẹ́nu mi."

A ń fò lórí Iléṣà. Nínú gbogbo àgbàlá tá a bá kọjá, ìkòkò ìrẹsì á ṣí ìdérí ẹ̀ sí wa: "Ẹ kú ọdún o!" Bàtà á dáhùn, "Ẹ kú ìyèdún!" Àfìgbà tí ìkòkò ìyá wọn fúnra ẹ̀ sáré lé wa bá lókè, tó ń mí hẹlẹ.

"Ìmísí! Ta ló máa gbé ìrẹsì ìyá Rámọ́tù, aládùúgbò yín, lọ fún un? Ṣé kí n fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ ni?"

Ó ju abọ́ kan sí wa, wọ́n fi aṣọ dè é. Kí n tó gbá a mú, Moyọ̀ ti jẹ ẹran orí ẹ̀ tán. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Nínú àlá yẹn, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn.

Báyìí la dé ọ́fíìsì Bàbá Kérésì, bàtà sì kéré padà sẹ́sẹ̀ Ìmísí. Kò fara kan ilẹ̀ o. Àwọn fèrè aláfẹ́fẹ́ táwọn ọmọdé ń fi ṣeré ọdún ni wọ́n fi so ó rọ̀ sójú ọ̀run, ó ń mì síbí, ó ń mì sọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ tó tò sẹ́nu ọ̀nà, ìlà wọn dé Ìbòkun. Ọ̀gá kan tó de táì jókòó síwájú aṣọ ìkélé.

Ó ní, "Ẹ máa lọ sílé. Bàbá Kérésì ò ríran… ẹ má bínú, wọn ò ní rí ẹnikẹ́ni lónìí. Irùngbọ̀n wọn ti sọnù."

Ìmísí na ìka sí i. "Kí ló wá funfun lẹ́nu yín yẹn?"

Ọ̀gá la ẹnu láti ṣàlàyé, ìwo méjì yọ lórí ẹ̀. "Mẹ̀ẹ́ẹ̀!" Ó di ewúrẹ́, táì ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, ó sì ń jẹ ìyókù irùngbọ̀n lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Ọ̀gá ṣáà ni.

La bá gbọ́ ẹkún lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

"Gbóyèga ọ̀rẹ́ mi, ṣé ìwọ nìyẹn? Mi ò lè jáde báyìí. Àgbọ̀n mi ń dán bí ẹyin. Àwọn ọmọ á ní èmi kọ́."

Ẹ gbọ́ o! Ó pe orúkọ mi! Mo yíjú sí Ìmísí kó lè yìn mí. Ṣùgbọ́n Moyọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lábẹ́ awò, àwọn ọmọ ti ń tú ká. Ìmísí wò mí.

Ó ní, "Gbóyèga."

Gbóyèga lásán! Kò sí bọ̀ọ̀dá níwájú, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn. Kóòtù mi kú bí iná. Mo kéré, mo kéré, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó Moyọ̀.

Bàtà bá tún húkọ́. "Òwú tó wà lẹ́nu mi lè ṣe irùngbọ̀n. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, mi ò ní lè dúró lẹ́sẹ̀ ọmọ yìí mọ́ o. Màá máa bọ́ ni."

Ìmísí wo bàtà ẹ̀ tó ń dán. Ó wo Moyọ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú ẹ̀.

"Ẹ yọ ọ́."

Mo fà á. Òwú ń bọ̀, kò tán, odindi oko òwú ló jáde nínú bàtà. A tì í gba abẹ́ aṣọ ìkélé wọlé. Aṣọ ìkélé mì, irùngbọ̀n ńlá kan ń yọ bọ̀, mo sì fẹ́ rí ojú ẹni tó ni ín. Ibẹ̀ gan-an ni bàtà sún kì, ó bọ́ lẹ́sẹ̀ Ìmísí, ó gba ojú fèrèsé já sísàlẹ̀.

"Bàtà mi!"

Èmi náà bẹ́ tẹ̀ lé e. Ewúrẹ́ yọrí lókè, ó ní, "Ẹ rọra o!" Mo ń já bọ̀, bàtà ń já bọ̀. Bí mo ṣe dé ilẹ̀ báyìí, ó balẹ̀ sí mi láyà, gbì!

Mo lajú. Ilẹ̀ ti mọ́. Bàtà pupa kan wà láyà mi lóòótọ́, inú ẹ̀ ṣófo. Ìmísí jókòó tì mí, ìpara kún ọwọ́ ẹ̀. Moyọ̀ wà nídìí bẹ́ẹ̀dì, awò dúdú lójú, abọ́ ìrẹsì ìyá Rámọ́tù lọ́wọ́ ẹ̀, kò sí ẹran kankan lórí ẹ̀. Mo fọwọ́ kan àgbọ̀n mi. Òwú!

Ìmísí gbá ọwọ́ mi wálẹ̀, ó fi ẹnu sí mi létí. "Bọ̀ọ̀dá Gbóyè, ẹ má sọ̀rọ̀, Moyọ̀ máa mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ó ń sunkún pé òun fẹ́ rí Bàbá Kérésì ni." Ó wá gbóhùn sókè. "Moyọ̀, kí wọn!"

Moyọ̀ dọ̀bálẹ̀ tòun ti abọ́. "Bàbá Kéésì, ẹ kú ọdún."

Ìmísí ti ẹsẹ̀ bọ bàtà ẹ̀, ó jáde lọ pe àwọn ọmọ àdúgbò yòókù wá, bàtà ń bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀ pà, pà, pà, títí dé ẹnu ọ̀nà.

Mo jókòó dáadáa, mo fa aṣọ ìbora dé àyà. Ewúrẹ́ kan ké lẹ́yìn ilé. Mo fi ohùn ńlá sọ fún Moyọ̀ pé kó sáré lọ ti fèrèsé.