Ohun Tó Wà Lójú Káàdì

Píìnì náà ti dípẹtà débi pé ó fa ìwé ya díẹ̀ nígbà tí Ìbíwùnmí yọ ọ́. Ìwé pélébé kan já bọ́ láti inú káàdì, ó balẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà. Ó mú un, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. AS ni àwọn ará láàbù kọ síbẹ̀. Ó wo ojú káàdì. AA ló wà níbẹ̀, gàdàgbà, bírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé òun fúnra rẹ̀ sì ni.

Orúkọ tó wà lórí káàdì náà ni Fàrídà Bùrẹ́ímọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni, nínú oṣù kẹwàá ọdún 2007. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò tíì lù. Yàrá fáìlì ọsibítù aládàáni kan ní Ìbafò ni Ìbíwùnmí jókòó sí, níbi téèyàn ti ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ lórí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn láti àárọ̀ dalẹ́. Ọdún kẹrìnlá rẹ̀ nìyí tó ti ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn níbẹ̀, láti ìgbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti kó kúrò ní Ìkirè wá gba yàrá kan ládùúgbò náà. Ọkọ ti kú. Káàdì ló kù. Ẹlòmíràn kò tíì dárúkọ tán lójú fèrèsé tí yóò fi ti nawọ́ sí ibi tí káàdì onítọ̀hún wà, ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè é ní Màmá Káàdì.

Oṣù tó kọjá ni Dókítà Olúgbádé, ẹni tó ni ọsibítù náà, ra kọ̀ǹpútà méjì, tó sì gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ̀ nípa rẹ̀, Mùtàlíbù, pé kó wá kó gbogbo ohun tó wà nínú káàdì sínú ẹ̀rọ. Àkútè ni Mùtàlíbù ti ń wá lójoojúmọ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kò rẹ́rìn-ín rí nígbà tí Ìbíwùnmí bá ń fi ìka kan ṣoṣo wá lẹ́tà kiri. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ ẹ́ fún ni pé kó yára, nítorí pé wọ́n ti pinnu pé ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyẹn ọ̀la, ni wọ́n máa dáná sun àwọn ìwé àtijọ́ ní ẹ̀yìn ọsibítù.

"Ohun tó bá wà lójú káàdì ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀, Mà," ló sọ fún un. "Ẹ má wulẹ̀ ṣí inú ẹ̀."

Ìbíwùnmí ń ṣí i. Kò sọ fún Mùtàlíbù, ṣùgbọ́n kò sí káàdì kan tó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ṣí. Ó fẹ́ rí wọn lẹ́ẹ̀kan sí i kí iná tó jó wọn.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta ọdún 2005 ni déètì tó wà lórí ìwé láàbù yẹn. Ó wá ọjọ́ náà nínú ọkàn rẹ̀. Ì bá tù ú nínú díẹ̀ ká ní ọjọ́ tí ibà ń ṣe é ni, tàbí ọjọ́ tí èrò pọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Kò rí nǹkan kan rántí. Ọjọ́ lásán ni. Ó ti jí, ó ti wẹ̀, ó ti jẹun, ó wá síbi iṣẹ́, ó wo S, ó sì kọ A.

Ohun tó rántí dáadáa ni ohun tó tẹ̀lé e. Fàrídà àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Mùsáfírù, ajórin kan láti Ifọ̀, ni wọ́n jọ wá gba èsì náà. Ìmáàmù ní òun ò ní so yìgì àfi bí òun bá rí ìwé ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì. Mùsáfírù ti sọ tirẹ̀ lójú fèrèsé pé AS ni òun, pé bí ti Fàrídà bá lè jẹ́ AA, a jẹ́ pé Ọlọ́run fọwọ́ sí i nìyẹn. Ìbíwùnmí ló kọ lẹ́tà tí wọ́n mú lọ bá Ìmáàmù. Láti ojú káàdì ló ti dà á kọ. Dókítà fọwọ́ sí i. Fàrídà fò mọ́ ọn lọ́rùn, ó ní kó má jẹ́ kí wọ́n wá a tì níbi ìgbéyàwó.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn sì ni Fàúsátù, ìyá Fàrídà, wá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé ara ọmọ-ọmọ òun kò yá, pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú bí ẹni pé oyin ta á, pé Fàrídà ti gbé e kúrò ní Ifọ̀ wá sọ́dọ̀ òun ní Lotto, nítorí pé àwọn ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ìbíwùnmí ṣe àdúrà fún un, ó sì pe ẹni tó kàn.

Kọ̀ǹpútà ń dúró. Àyè kékeré kan wà lójú rẹ̀ tó ń béèrè jẹ́nótáìpù, ìlà tín-ínrín kan sì ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀. Ìbíwùnmí tẹ A kan. Lẹ́tà àkọ́kọ́ kò ní wàhálà kankan nínú. Èkejì ló kù. Bó bá tún tẹ A, ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yóò bá ojú káàdì mu, iná yóò sì jẹ ìyókù lọ́la. Mùtàlíbù kò ní mọ̀. Dókítà kò ní mọ̀. Ó gbé ìka rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó dìde, ó fi káàdì náà sábẹ́ apá, ó sì gba ọ̀nà ọ́fíìsì Dókítà lọ.

Dókítà Olúgbádé ka ìwé láàbù náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ó béèrè ẹni tó fọwọ́ sí lẹ́tà, bí ẹni tí kò mọ̀, Ìbíwùnmí sì sọ fún un pé Dókítà fúnra rẹ̀ ni. Dókítà ní kí àwọn fi sùúrù ṣe é, pé òun ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ lọ́yà, pé tó bá di ọjọ́ Ajé, òun á ti mọ bí ó ṣe yẹ kí àwọn gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ kí orúkọ ọsibítù má baà bàjẹ́.

"Dókítà," ni Ìbíwùnmí wí, "ọwọ́ ọmọ náà ń wú."

Dókítà yọ gíláàsì rẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní kó lọ gbé ọmọ náà wá, òun á sọ fún àwọn ará láàbù pé kí wọ́n dúró dè é.

Bí Ìbíwùnmí ṣe ń jáde, ó pàdé Mùtàlíbù lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un ní gbólóhùn méjì, nítorí pé yóò rí àlàfo náà lójú kọ̀ǹpútà. Kò dúró gbọ́ èsì rẹ̀. Ọ̀kadà ló gùn, wọ́n gba etí títì lọ títí dé Lotto, eruku àwọn ọkọ̀ ńlá ń bò wọ́n. Ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ lọ́nà, bó bá sì ti kó o jọ tán ni yóò tún tú u ká.

Fàúsátù ń tẹ́ ike àti agbada jáde síwájú ilé nígbà tó dé. Inú rẹ̀ dùn láti rí àlejò, ó pe Fàrídà pé kó wá wo ẹni tó wá kí wọn. Fàrídà jáde pẹ̀lú ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti rù gan-an, ó sì kúnlẹ̀ kí i. Oṣù mọ́kànlá ni ọmọ náà, Nusaybah lorúkọ rẹ̀. Ìka rẹ̀ tóbi, ó ń dán, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Wọ́n ní kí Ìbíwùnmí jókòó. Dípò kó jókòó, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì níwájú ọmọ tó lè bí. Fàúsátù sáré dì í lápá mú, ó ń béèrè pé kí ló dé, ta ló kú.

"Fàrídà, èmi ni mo ṣì í kọ," ni Ìbíwùnmí wí. "AS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ. AS ni wọ́n kọ fún mi, mo sì kọ AA. Àárọ̀ yìí ni mo rí i."

Fàrídà gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde. Lẹ́tà tí wọ́n mú lọ bá Ìmáàmù níjọ́sí ló mú dání. Wọ́n ti fi ọ̀rá bo ìwé náà kó má baà gbó, ọwọ́ ìkọ̀wé Ìbíwùnmí sì ń dán lábẹ́ rẹ̀ bí ohun àmúyangàn. Fàrídà ṣàlàyé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń ka nǹkan fún ọmọ iléèwé. Ó ní nígbà tí ọwọ́ ọmọ kọ́kọ́ wú ní Ifọ̀, nọ́ọ̀sì kan béèrè ẹ̀jẹ̀ òun àti ti bàbá ọmọ. Òun mú ìwé náà jáde. Nọ́ọ̀sì kà á, ó ní a jẹ́ pé kì í ṣe fòníkú-fọ̀ladìde nìyẹn, kí àwọn lọ máa tọ́jú ibà. Ibà ni wọ́n ń tọ́jú láti ìgbà yẹn. Ibà kò lọ. Nígbà tí kò lọ, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó wẹ ọmọ kẹ́yìn kí ara rẹ̀ tó wú.

"Ìyá ọkọ mi ló wẹ̀ ẹ́," ni Fàrídà wí. "Mo sọ fún wọn lójú gbogbo ilé pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ọmọ mi mọ́. Mo pè wọ́n lórúkọ tí kò yẹ kí n pè wọ́n."

Fàúsátù ló bínú. Ó sọ ọ̀rọ̀ sí Ìbíwùnmí, ọ̀rọ̀ tó wúwo, ó béèrè bóyá ojú ló ń dùn ún tàbí ọkàn ni kò ní. Ìbíwùnmí kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Àfìgbà tí Fàrídà so ìborùn rẹ̀ mọ́rí, tó ní kí àwọn máa lọ, ni Fàúsátù tó gbẹ́nu dúró. Lójú ọ̀nà, Fàrídà fi fóònù pe Mùsáfírù. Ohun tó sọ kò pọ̀. Ó ní kó wá sí ọsibítù ní Ìbafò, kó sì jọ̀ọ́, kó bá òun mú Màámi, ìyá rẹ̀, dání.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, wọ́n tún gba ti ìyá rẹ̀. Ìbíwùnmí lọ wo yàrá fáìlì. Mùtàlíbù wà nílẹ̀, ó ká ṣòkòtò sókè, òkìtì káàdì yí i ká. Ó ń ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń yọ píìnì, ó ń fi ìwé inú wé ojú káàdì. Ó ní òun ti dá àwọn tó fẹ́ dáná sun ìwé dúró. Ó ti yẹ igba ó lé díẹ̀ wò, kò tíì rí àṣìṣe mìíràn. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe é.

Ní déédéé ìrun Àláásárì, èsì jáde. SS ni ọmọ náà. Dókítà Olúgbádé fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, kò sì fi ẹ̀bi náà sọ́rùn Ìbíwùnmí nìkan. Ó ní òun fọwọ́ sí ohun tí òun kò yẹ̀ wò. Ó wá ṣàlàyé oògùn tí ọmọ náà yóò máa lò lójoojúmọ́, omi tó gbọ́dọ̀ máa mu, bí wọn kò ṣe ní jẹ́ kí òtútù mú un, àti pé ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń dàgbà, tó ń lọ sí iléèwé. Fàrídà sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní kí Dókítà tún ti oògùn yẹn sọ.

Wọn kò tíì kúrò níbẹ̀ tí Mùsáfírù fi dé, ìyá rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin náà ti dàgbà, apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣe é gbé sókè dáadáa. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Kò wọlé, bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ òun níbẹ̀. Fàrídà rí i, ó sì lọ kúnlẹ̀ ní eékún méjèèjì níwájú rẹ̀. Ó gbé ọmọ náà sókè sí i.

Ìyá àgbà gbà á. Oṣù mẹ́rin ni kò ti fọwọ́ kàn án. Nusaybah wò ó títí, ó na ọwọ́ tó wú náà mú etí gèlè rẹ̀. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ba, ó yí ọmọ náà sẹ́yìn pẹ̀lú apá kan, ó sì ń wá ẹni tí yóò ran òun lọ́wọ́. Ìbíwùnmí ló sún mọ́ ọn jù.

"Bá mi di ọ̀já yìí," ló wí.

Ìbíwùnmí mú ọ̀já. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún Dókítà, ó ti sọ ọ́ fún Fàrídà, ó ti sọ ọ́ fún Fàúsátù, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tó ní òun dárí jì í. Ẹni yìí ló kù.

"Màámi, èmi ni mo kọ..."

"Mo ti gbọ́. Ọmọ mi ti sọ ọ́ fún mi lọ́nà." Ìyá àgbà kò yíjú wò ó. Ojú rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó ń tẹ́tí sí èémí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Dì í kó le díẹ̀ sí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kó o ṣọ́."

Ìbíwùnmí fa ọ̀já náà. Ooru ara ọmọ náà ń wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ láti inú aṣọ. Ó rí i nígbà náà pé láti àárọ̀ ni òun ti ń wá ohun kan kiri lọ́wọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí, wọn kò sì fi du òun. Ọwọ́ wọn ló kún. Ó gbé ẹsẹ̀ kékeré náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó yẹ ọ̀já kúrò níbi tó wú, ó sì so ó.