Ará Ilé

Bí ẹ bá gba Ilo-Awela kọjá lónìí, ẹ ó rí i pé títì fẹ̀, ó sì ń dán. Inú mi kì í dùn sí i. Ibi tí mọ́tò ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn, ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń rokà, ibẹ̀ ni wọ́n ti wẹ̀ fún mi.

Yàrá mẹ́fà ló wà nílé Alàgbà Adérógbà, mẹ́ta kọjú sí mẹ́ta. Láti Ìkìrun ni bàbá mi ti wá ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ tó ń ṣe òwú. Tí fèrè iléeṣẹ́ bá ti dún nírọ̀lẹ́, gbogbo ìyàwó ilé á gbé omi kaná. Tí wọ́n bá ń dín àkàrà ní yàrá kan, ọmọ ilé kì í bèèrè ẹni tó ń dín in kó tó nawọ́. Ilé yẹn dùn. Àárò rẹ̀ ṣì ń sọ mí.

Lánlọ́ọ̀dù kú, ìyàwó rẹ̀ kú, bàbá mi náà tẹ̀ lé wọn. Fọláwẹwọ́, ọmọ kan ṣoṣo tí lánlọ́ọ̀dù bí, kó lọ sí Àbújá. Ìyá mi nìkan ló wá kù nínú àwọn àgbà ilé. Àwọn ló ń gbálẹ̀ ojúde, àwọn ló ń parí ìjà, àwọn ló pe bíríkìlà nígbà tí ògiri ẹ̀yìn fẹ́ wó.

Ìgbà tí ìjọba kéde pé títì máa gba àárín ilé wa, wọ́n ní àwọn onílé máa gba owó gbà-máà-bínú. Mo dìde nípàdé àdúgbò, mo ní ayálégbé ńkọ́? Ọ̀ṣìnúbí, alága ẹgbẹ́ àwọn onílé, rẹ́rìn-ín.

"Ẹni tó yá aṣọ wọ̀," ó ní, "ṣé òun la ó bá kẹ́dùn bí aṣọ bá ya?"

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé pé àgbà ni. Ìyá mi ló fà mí láṣọ kí n jókòó. A délé tán kí wọ́n tó sọ ohun tó ń dùn wọ́n.

"Tóyọ̀sí, kì í ṣe owó. Bí wọ́n bá wó ilé yìí láìpe orúkọ mi, á dà bíi pé mi ò gbébí rí."

Lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba wá kọ orúkọ, Fọláwẹwọ́ tó ti Àbújá dé ló mú un wá. Mo ti to èébú jọ sẹ́nu dè é. Àfi bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà tó bọ́ bàtà, tó ní, "Àgò onílé o."

Ìyá mi dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé. "Àgò yà. Ẹ máa wọlé."

Òṣìṣẹ́ náà yíjú sí i. "Ọ̀gá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ni ilé. Onílé wo lẹ tún ń kí? Àbí màmá ni lánlédì?"

Ìyá mi jáde, wọ́n ń fi ìró nu ọwọ́. "Ayálégbé ni mí, ọmọ mi. Ẹni tó bá wà nílé ló ń dáhùn."

Fọláwẹwọ́ dọ̀bálẹ̀ fún wọn.

"Fọlá, o ti jẹun?" Báyìí náà ni wọ́n ṣe máa ń bi í nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ rajà ní Ìdíròkò, tó jẹ́ pé yàrá wa ló ń sùn. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dìde.

"Kọ orúkọ wọn," ó sọ fún òṣìṣẹ́ náà. "Tàwọn tó kù nínú ilé náà."

"Kí n kọ ayálégbé?"

"Rárá. Kọ ará ilé."

"Kò sí àyè fún ará ilé níbí, sà."

"Wá àyè fún un."

Mo gbé gbogbo èébú mi mì.

Nígbà tí wọ́n máa ka àwọn orúkọ náà ní gbọ̀ngàn àdúgbò, ilé ti wó. Ìyá mi ò sunkún lọ́jọ́ tí katapílà wó o. Ní gbọ̀ngàn, iwájú ni wọ́n jókòó sí, wọ́n wé gèlè. Ọ̀ṣìnúbí fúnra rẹ̀ ló mú gbohùngbohùn.

"Ilé Adérógbà. Fọláwẹwọ́ Adérógbà, onílé. Ẹfúnróyè Ògúndèjì, ará ilé."

Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, n ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìyá mi ní Ẹfúnróyè. Ìyá Tóyọ̀sí ni gbogbo àdúgbò mọ̀. Ọ̀ṣìnúbí ti fẹ́ bọ́ sórí orúkọ àwọn ará ilé wa tó kù nígbà tí ìyá mi nawọ́ sókè. Àwọn èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n fẹ́ sọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, alága, mi ò gbọ́ yẹn dáadáa. Ẹ bá mi tún un pè."

Ìyá mi gbọ́ ọ dáadáa. Omijé ti ń ṣàn lójú wọn kí wọ́n tó nawọ́. Ọ̀ṣìnúbí gbójú sókè, ó wò wọ́n títí, ó sì tún un pè.